Obìnrin tí Ó Ń Bọ̀ Láti Inú Àwòrán

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí yìnyín ń yọ́ lẹ́bàá odò Humber, tí ìkùukùu sì bo Rexdale ní Toronto tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ilé gogoro fi dà bí ẹni tí a gé lórí, Màmá Fẹ̀yìntọlá wọ inú pálọ̀ rẹ̀, ó gbé ojú sókè wo àwòrán tí ó wà lára ògiri, ó sì rí i pé obìnrin inú rẹ̀ ti jáde kúrò nínú odò.

Kò pariwo. Ó fa àga kan, ó jókòó kọjú sí àwòrán náà, ó sì pe Lateefat, ọmọbìnrin tí ń tọ́jú rẹ̀.

"Bá mi pe Àbíkẹ́. Sọ fún un pé obìnrin náà ti gòkè wá sójú ọ̀nà. Sọ fún un pé ó kọjú sí wa, ó sì ń bọ̀."

Lateefat wo àwòrán náà lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì fi ẹ̀yìn rìn dé ibi tí fóònù wà.

Àbíkẹ́ Bólúwadúró tí wọ́n pè yìí ti fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nílé iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Èkó. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ rẹ̀ mú un wá sí Toronto kí ó lè sinmi. Ṣùgbọ́n ìsinmi kò bá a lára mu, ó sì lọ gba ìwé àṣẹ láti máa ṣe ìwádìí fún ẹni tí ó bá bẹ̀ ẹ́. Obìnrin kúkurú ni, ojú rẹ̀ kì í tètè ṣẹ́, kì í sì í bọ́ kóòtù òtútù rẹ̀ nínú ilé tí ó bá ti lọ ṣiṣẹ́. "Ẹni tí ó bọ́ kóòtù ti di àlejò," a máa wí bẹ́ẹ̀, "àlejò kì í sì í béèrè ohun tí ó wà nínú ìkòkò."

Àwòrán tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè é kò tóbi ju àwo fífẹ̀ tí a fi ń gbé oúnjẹ lọ. Òyìnbó kan tí kò kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i ni ó fi ọ̀dà tí a fi omi pò yà á sórí bébà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àfonífojì odò Humber ni ó yà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí kí ọ̀nà ọlọ́dà àti ilé alájà tó dé ibẹ̀: òkè kékeré méjì dojú kọ ara wọn, odò sùn sí àárín wọn, àwọn màlúù ń mu omi, èéfín sì ń ti ahéré kan jáde lókèèrè. Àlàáfíà inú rẹ̀ pọ̀ débi pé ènìyàn a máa rẹ ohùn sílẹ̀ níwájú rẹ̀ láìmọ̀. Bàbá arúgbó kan tí Màmá tọ́jú nígbà tí ó ń ṣe nọ́ọ̀sì ni ó fi í sílẹ̀ fún un nígbà tí ó ń kú lọ. Ohun tí ó sì ń mú ara ẹni bù máṣọ ni pé fèrèsé pálọ̀ náà kọjú sí àfonífojì yìí kan náà gan-an. Bí ènìyàn bá wo ògiri tán, tí ó yíjú sí ìta, odò kan ṣoṣo ni yóò rí lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan nínú oòrùn, èkejì nínú yìnyín.

Àbíkẹ́ dúró níwájú rẹ̀, ọwọ́ nínú àpò kóòtù. Obìnrin inú àwòrán náà kò gùn ju ìka ọwọ́ kan lọ. Ó wọ aṣọ gígùn, ó dé fìlà aláṣọ funfun ti àwọn obìnrin òyìnbó ayé àtijọ́. Ó ń gòkè bọ̀ lójú ọ̀nà tóóró láti etí odò, korobá omi rẹ̀ jókòó pẹ̀lẹ́ lórí òṣùká, ó na ọrùn, apá rẹ̀ méjèèjì sì rọ̀ wálẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A kò ya ojú tàbí imú sí i. Àmì ọ̀dà pípọ́n rúsúrúsú kan lásán ni ojú rẹ̀. Síbẹ̀ ó dà bí ẹni tí ń wo ẹni tí ń wò ó.

"Níbo ni ó wà tẹ́lẹ̀, Màmá?"

"Etí odò, lábẹ́ igi yìí. Ẹ̀yìn ló kọ sí wa. Korobá rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó ṣe wà nìyẹn ní gbogbo ọdún tí èmi àti ọkọ mi, Bàbá Dayọ̀, fi ń wò ó. Lẹ́yìn tí a sin Bàbá, mo jí lọ́jọ́ kan, mo rí i tó ti wọ inú omi dé orúnkún, ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń wá nǹkan. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní ọ̀fọ̀ ló ń dà mí láàmú. Àná, kí n tó lọ sí ìpàdé àdúrà, inú omi náà ló ṣì wà. Òun nìyí lónìí."

"Ẹ kò ní fọ́tò rẹ̀?"

"Bàbá kò gbà láéláé. Ó ní iná kámẹ́rà ń jẹ àwọ̀ rẹ̀." Màmá di apá kóòtù Àbíkẹ́ mú. "Àbíkẹ́, n kò rò pé mò ń ṣarán. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé mò ń ṣarán, ìwọ ni kí o sọ fún mi. Má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ Dayọ̀."

* * *

Dayọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá bí, ti ọ́fíìsì dé pẹ̀lú táì lọ́rùn. Ó kí Àbíkẹ́ tán, ó fà á wọ ilé ìdáná, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn lọ síbi tí wọ́n ń lọ yìí. Ojú ọ̀nà ni obìnrin yẹn ti máa ń wà."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Màlúù mélòó ló wà nínú àwòrán náà?"

Dayọ̀ yíjú sí ọ̀nà pálọ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ lọ kà wọ́n.

"Inú ilé yìí lo dàgbà sí," ni Àbíkẹ́ wí. "Ìgbà wo lo wò ó kẹ́yìn?"

"Àǹtí, ta ló ń wo ohun tó wà lára ògiri?" Ó fa táì rẹ̀ tú. "Mo tilẹ̀ pe ọlọ́pàá nígbà àkọ́kọ́. Wọ́n béèrè ohun tí wọ́n jí gbé. Mo ní wọn kò jí nǹkan kan, àwòrán wà lára ògiri. Wọ́n ní kí n lọ bá dókítà Màmá sọ̀rọ̀. Mo ti rí àyè fún wọn nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan ní Oshawa. Ọjọ́ Ajé la máa kó wọn lọ. Ibẹ̀ dára."

"Àwòrán ńkọ́?"

"Àwọn ẹgbẹ́ aládùúrà ìjọ wọn ti gbọ́, wọ́n ń bọ̀ wá sun ún ní Sátidé. Mo gbà fún wọn. Bó bá jóná, bóyá ọkàn Màmá á balẹ̀ kí wọ́n tó kúrò."

"Màmá sọ fún mi pé àwọn ti ṣèlérí rẹ̀ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní bí yìnyín bá yọ́ tán, àwọn á wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n Àǹtí, ta ló máa gbé irú nǹkan báyẹn fún ènìyàn?"

Àbíkẹ́ wò ó títí. Ó rí i pé ọmọ náà kì í ṣe ìkà. Ẹ̀rù ló ń bà á. Bí àwòrán náà bá ń rìn ní tòótọ́, iná ni yóò jẹ ẹ́. Bí kò bá rìn, a jẹ́ pé ọpọlọ ìyá rẹ̀ ni ó ti kúrò ní ipò, yóò sì fi ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́ sílẹ̀ lọ kú sáàárín àwọn àjèjì. Ọ̀nà méjèèjì burú, kò sì sí ẹnì kan tí ó wá ẹ̀kẹta.

* * *

Lateefat ń ká aṣọ nígbà tí Àbíkẹ́ wọlé tọ̀ ọ́. Kò dúró de ìbéèrè.

"Àǹtí, mo ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Nítorí pé mò ń kírun, àwọn aládùúrà yẹn ń wò mí bíi pé èmi ni mo gbé ẹ̀mí àìmọ́ wọlé. Èmi tí mi ò lè ya ẹyin adìyẹ kí ẹ mọ̀ pé ẹyin ni!"

Àbíkẹ́ rẹ́rìn-ín. "Mi ò tíì fẹ̀sùn kàn ẹ́. Ta ló wọlé lálẹ́ àná?"

"Bọ̀ọ̀dá Dayọ̀ wá gbé oògùn Mọ́mì sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀, ọmọ wọn, wá mú báàgì ẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Olúyọmí, ará ìjọ wọn, wá gbé Mọ́mì lọ sí ìpàdé àdúrà. Nígbà tí Mọ́mì ti jókòó sínú mọ́tò, wọ́n sáré padà wọlé wá mú awò ojú tí Mọ́mì gbàgbé. Èmi wà nísàlẹ̀, mò ń fọṣọ."

"Kò sí ohun mìíràn?"

Lateefat gbé aṣọ tí ó ń ká sílẹ̀.

"Nígbà tí gbogbo wọ́n lọ tán, mo gòkè wá. Ilẹ̀ abẹ́ àwòrán yẹn tutù, Àǹtí. Omi ni, ó rí rogodo ní ibi méjì, bíi pé ẹni tó jáde látinú odò dúró síbẹ̀. Mo fi aṣọ nù ún. Mi ò sọ fún Mọ́mì. Mi ò sùn."

Àbíkẹ́ jáde lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó padà sí pálọ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì gbé ojú sún mọ́ ilẹ̀ onípákó náà. Omi ti gbẹ, ṣùgbọ́n ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan kù níbi tí etí rẹ̀ dé. Ó fi ìka kàn án, ó sì fi ìka náà kan ahọ́n.

Ó dìde, ó sì wo odò tí ń bẹ níta.

* * *

Olúyọmí dé ní ọ̀sán pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná lọ́wọ́. Ó ga, ohùn rẹ̀ dùn, òun sì ni gbogbo ìjọ ń pè bí ohun kan bá fọ́ tàbí bí ògiri kan bá ń fẹ́ ìṣó. Nílé, ní Nàìjíríà, ó ti ṣe olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ní Toronto, ó ń kan férémù ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Woodbridge, láàárín ọgbà àwọn ọkọ̀ akẹ́rù.

"Àwòrán àwọn ẹlòmíì ni mò ń wọ̀ láṣọ, Àǹtí," ni ó wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Tèmi wà ní ìhòòhò nílé."

"Ìwọ lo kan èyí?"

"Èmi ni. Kí Bàbá tó ṣàìsàn rárá." Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ lójijì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ife tíì yẹn sẹ́yìn. Mo ti kìlọ̀ fún Lateefat títí, pé kó má fi aṣọ tútù nu dígí ẹ̀ pàápàá. Omi ni ikú irú àwòrán yìí. Ẹ̀kán kan péré, ọ̀dà á yọ́, ó parí nìyẹn."

Àbíkẹ́ gbé ife rẹ̀ jìnnà. "Ẹnì kan lè ti ṣí i?"

Olúyọmí gbé àwòrán náà sọ̀kalẹ̀ tìṣọ́ratìṣọ́ra, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Tépù aláwọ̀ ilẹ̀ kan yí etí rẹ̀ ká, ó lẹ̀ pinpin.

"Ẹ wò ó. Tépù tí mo fi dì í níjọ́ náà nìyí. Kò já, kò ṣí. Ọwọ́ ènìyàn kò wọ inú ẹ̀."

Àbíkẹ́ fi ìka fa orí férémù náà. Eruku dúdú lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fi ìka kejì fa orí tépù. Ìka náà mọ́ roro. Ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.

"Kí lo wá rò pé ó ń ṣe é?"

"Mo kàwé, Àǹtí, kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni mò ń gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí kò ní ẹ̀mí tó sì ń rìn, iná ló tọ́ sí i."

"Kò dùn ọ́ pé wọ́n máa sun ún?"

Ó gbé àwòrán náà padà sára ògiri, ó sì tún un ṣe títí ó fi dúró gún régé.

"Ó dùn mí," ni ó wí, kò sì rẹ́rìn-ín.

* * *

Ní ọjọ́ Ẹtì, Àbíkẹ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó wà ní Rexdale, ó sì bá Ìmọ́lẹ̀, ọmọbìnrin Dayọ̀, jókòó níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jẹun. Ọ̀dà aláwọ̀ aró wà lábẹ́ èékánná ọmọ náà.

"Kí lò ń kọ́ níbí gan-an?"

"Animation, Auntie."

Àbíkẹ́ sún àga rẹ̀ mọ́ tábìlì. Ó mọ iṣẹ́ náà: iṣẹ́ mímú kí àwòrán máa rìn ni. Ó wo èékánná ọmọ náà, ó wo ojú rẹ̀. Ọmọ tí a bí síbí ni, ọmọ tí ó ní kọ́kọ́rọ́ ilé, tí ó sì wọlé lálẹ́ Ọjọ́rú. Ìdáhùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sórí tábìlì níwájú rẹ̀.

"O fẹ́ràn kí o máa dẹ́rù ba àwọn àgbàlagbà?"

"You think I did it." Omi lé ròrò sí ojú Ìmọ́lẹ̀. Ó gbìyànjú, ó fi Yorùbá sọ ìyókù, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. "Auntie, Màmá àgbà nìkan ló máa ń wo ohun tí mo bá yà. Daddy kò wò ó rí. Wọ́n fẹ́ gbé Màmá àgbà lọ Oshawa. Kí ni mo máa jèrè?"

Àbíkẹ́ rò ó. Lẹ́yìn náà ó fa bébà kan láti inú ìdì ìwé ọmọ náà.

"Ya obìnrin kan fún mi. Ó ń ti odò bọ̀, ó sì gbé korobá omi."

Ó fẹ́ wo bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń rìn ni, bóyá ó jọ ọwọ́ tí ó ya ti ara ògiri. Ìmọ́lẹ̀ nu ojú, ó mú pẹ́ńsù. Obìnrin náà jáde kíákíá: ó di etí korobá mú lọ́wọ́ ọ̀tún, èjìká ọ̀tún rẹ̀ wọ́ wálẹ̀, ó na apá òsì síta kí ó má baà ṣubú, omi ń ta sí i lẹ́sẹ̀.

"Kí ló dé tí ó fi tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan báyìí?"

"Nítorí pé ó wúwo," ni ọmọ náà wí, ẹnu yà á sí ìbéèrè náà. "Báwo ló ṣe tún lè gbé e?"

Àbíkẹ́ fa bébà náà sún mọ́ra. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ariwo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ jìnnà sí etí rẹ̀. Ó ti dúró níwájú àwòrán ara ògiri yẹn ní Ọjọ́bọ̀, ó ti wo obìnrin inú rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, òun tí wọ́n ń yìn pé kì í ṣẹ́jú. Kò sì rí i.

"Máa jẹun rẹ," ni ó wí níkẹyìn. "Kí o sì wà nílé Màmá lọ́la."

* * *

Ìkùukùu kò tíì kúrò ní òwúrọ̀ Sátidé. Wọ́n ti gbé agbá irin kan sí ẹ̀yìnkùlé, igi gbígbẹ wà nínú rẹ̀; nísàlẹ̀, a ń gbọ́ bí yìnyín orí odò ti ń là pẹ́ẹ́ pẹ́ẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ aládùúrà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pálọ̀. Màmá jókòó sórí àga rẹ̀, ó ti wọ bàtà bí ẹni tí a fẹ́ kó lọ. Dayọ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, Ìmọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Lateefat lẹ́nu ọ̀nà. Olúyọmí jókòó sẹ́bàá fèrèsé.

Àbíkẹ́ gbé àwòrán náà sọ̀kalẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ la tépù ẹ̀yìn rẹ̀, ó yọ bébà náà jáde, ó sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ó gbé abọ́ omi kan.

"Ẹ̀yin aládùúrà, kí iná tó jó o, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi omi fọ̀ ọ́. Ohun tí ó ti inú odò jáde, omi ni yóò dá a padà."

Alàgbà wọn mi orí pé ó dára. Àbíkẹ́ gbé abọ́ náà sókè bébà, ó sì ń rọra tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Omi dé etí abọ́.

"No! Auntie, no!" Ìmọ́lẹ̀ ti fò kọjá àga, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọ̀dà omi ni! It'll wash off! Ẹ má dà á!"

Omi díẹ̀ ta sórí aṣọ tábìlì. Gbogbo ènìyàn wo ọmọ náà. Àbíkẹ́ nìkan ni kò wò ó. Fèrèsé ni ó ń wò, níbi tí Olúyọmí jókòó sí, tí ó gbé ọwọ́ lé itan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ń gbọ́ ìwàásù.

Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀.

"Olúyọmí," ni ó wí, "ní Ọjọ́bọ̀, o lé ife tíì mi sẹ́yìn nítorí ẹ̀kán kan. Lónìí, mo gbé odidi abọ́ omi lé e lórí, o kò tilẹ̀ mí kanlẹ̀. Ọmọdé yìí sáré. Ìwọ tí o kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní iṣẹ́ yìí, o jókòó. Kí ló dé?"

"Àǹtí, wọ́n ṣáà máa sun ún ni..."

"Kì í ṣe nítorí náà. O mọ̀ pé èyí tí ó wà níbí kọ́ ni ó yẹ kí a bẹ̀rù fún."

Àbíkẹ́ yíjú sí Dayọ̀.

"Sún mọ́ ibí, kí o wo obìnrin yìí. Báwo ló ṣe gbé omi?"

"Ó rù ú."

"Lórí kí ni?"

"Lórí òṣùká."

"O kò rí ohun kan níbẹ̀?"

Dayọ̀ wò ó. Lateefat ni ó kọ́kọ́ kígbe, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Òyìnbó!" ni ó wí. "Òyìnbó wo ló ní òṣùká?"

"O ṣeun," ni Àbíkẹ́ dáhùn. "Obìnrin àgbẹ̀ ti Kánádà, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó ru omi lórí òṣùká, ó na ọrùn, kò fi ọwọ́ kan korobá, omi kò sì ta sílẹ̀! Gbogbo wa wo obìnrin yìí, a bẹ̀rù ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ń rìn, kò sí ẹni tí ó wo orí rẹ̀, nítorí pé bí àwọn ìyá wa ti ń ti odò bọ̀ nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ tí kò ru omi rí ni ó la ojú mi. Òyìnbó tó ya àwòrán àtijọ́ náà kò lè ya èyí. Bí kò bá sì lè yà á, bébà yìí kì í ṣe tirẹ̀, obìnrin àtijọ́ kò sì kúrò létí odò rí. Bébà ni wọ́n ń pààrọ̀. Ọ̀kan lẹ́yìn tí Bàbá kú, ọ̀kan ní alẹ́ Ọjọ́rú. Màmá ni ó wí òtítọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀, Màmá nìkan ni ojú rẹ̀ ríran nínú ilé yìí."

Màmá di ọwọ́ àga mú.

"Omi abẹ́ àwòrán ńkọ́?" Lateefat béèrè ní ohùn kékeré.

"Mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni. Odò Humber kò ní iyọ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́ ni. Ẹni tí ó dúró síbẹ̀ ń kánjú tó bẹ́ẹ̀ tí kò bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Dayọ̀ bọ́ tirẹ̀, Ìmọ́lẹ̀ bọ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó sáré wọlé wá mú awò ojú, tí Màmá ń dúró dè nínú mọ́tò, òun ni kò bọ́ ọ. Férémù tí eruku ọdún púpọ̀ wà lórí rẹ̀, tépù ẹ̀yìn rẹ̀ sì mọ́ bí aṣọ ìkómọ. Ta ló ní irú tépù bẹ́ẹ̀ nínú wa?"

Olúyọmí ti ń wo bébà tí ó wà lórí tábìlì. Ó dìde, ó sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo obìnrin kékeré náà bí ẹni tí kò rí i rí.

"N kò mọ̀ pé mo fi òṣùká sí i," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ kò dún bí ohùn ẹni tí ń kọrin mọ́. "Mo kàn ń ronú obìnrin tó ń ti odò bọ̀. Ọwọ́ mi ló yà á. Ìyá mi ni. Bó ṣe máa ń rìn nìyẹn."

"Kí ló dé, Olúyọmí?" Màmá ni ó béèrè.

"Màmá, mo fẹ́ràn rẹ̀ ni. Láti ọjọ́ tí mo ti kàn án ní férémù, n kò lè sùn. Mo ya irú rẹ̀ kan, mo fi rọ́pò rẹ̀, mo ní ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe, mo ti obìnrin náà sínú omi, mo rò pé ibẹ̀ ló wà. Nígbà tí ẹ sọ pé ó ti rìn, ẹ̀rù bà mí. Lẹ́yìn náà ẹ ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń bọ̀ wá wò ó. Wọ́n á mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá tún rìn lẹ́ẹ̀kan sí i, mo mọ̀ wá, mo mọ ìjọ wa: ẹ máa sun ún. Ẹnikẹ́ni kì í yẹ eérú wò."

"Wọ́n sì fẹ́ kó mi lọ sí Oshawa," ni Màmá wí.

Olúyọmí dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí ilẹ̀ onípákó náà, níbi tí bàtà rẹ̀ ti tutù sí.

"Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lò ń di ọwọ́ mi mú lọ sí ìjọ," Màmá wí. "O ń gbọ́ bí mo ṣe ń bẹ Ọlọ́run kó má gba ọpọlọ mi. O ń ṣe àmín."

Àwọn aládùúrà ń wo ilẹ̀. Dayọ̀ béèrè bóyá kí òun pe ọlọ́pàá. Màmá ní kí ó kọ́kọ́ bá Olúyọmí lọ sí Woodbridge kí ó gbé ohun tí í ṣe tòun wá ná. Lára ògiri tí ó kọjú sí ibùsùn Olúyọmí, nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ni wọ́n ti bá a, nínú férémù tí ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Obìnrin náà wà létí odò, lábẹ́ igi, ẹ̀yìn ni ó kọ síta, korobá rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí Dayọ̀ gbé e dé, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Ó ti pe Oshawa láti ojú ọ̀nà, ó sì ti sọ fún wọn pé kí wọ́n fún ẹlòmíràn ní àyè náà.

"Màmá, ẹ foríjì mí."

"Màlúù mélòó?" Màmá béèrè.

Dayọ̀ yíjú sí àwòrán náà, ó sì kà wọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀.

"Mẹ́ta ni, Màmá."

"Dìde."

Ó ní kí wọ́n tọ́jú àwòrán àtijọ́ náà de ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí wọ́n fi aṣọ dì í. Ti ọ̀ràn Olúyọmí, ó ní òun yóò rò ó, òun yóò sì gbàdúrà sí i. Kí ó má tíì wá gbé òun lọ sí ìjọ, Lateefat yóò máa mú òun lọ. Nígbà tí Ìmọ́lẹ̀ mú bébà tí ó wà lórí tábìlì, tí ó sì bi í bóyá kí òun gbé e lọ sínú agbá iná, Màmá na ọwọ́ gbà á.

"Gbé e kọ́ síbi tó wà. Obìnrin yìí ti rìn jìnnà. Ẹni tó ru omi gba àfonífojì òyìnbó kọjá tí kò dà á nù, ṣé inú iná la máa tì í sí?"

Àbíkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wá bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ láti fi dì í. Ó gbé ojú sókè wo àwòrán tí wọ́n ti gbé kọ́ padà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìkùukùu ti ń gbé ara nílẹ̀ lórí odò níta. Nínú àwòrán, obìnrin aláìlójú náà ń bọ̀ lójú ọ̀nà tóóró, ó na ọrùn, ó sì dá Àbíkẹ́ lójú pé omi orí rẹ̀ mì. Àbíkẹ́ dúró gbagidi. Dígí àwòrán náà ń gbọ̀n; bọ́ọ̀sì kan ni ó ń kọjá lójú títì. Ó kọjá tán, gbogbo rẹ̀ sì pa rọ́rọ́, àfi pé ó dà bíi pé obìnrin náà ti sún mọ́ wọn díẹ̀.

"Àbíkẹ́," Màmá pè láti ilé ìdáná, níbi tí omi ti ń hó. "Wá bọ́ kóòtù yẹn kí o jókòó."

Àbíkẹ́ bọ́ ọ.